Dúrójayé Tí Í Sọ Iyán Di Iṣu

Ní Ìkọ̀lé, bí ẹ bá béèrè Dúrójayé lásán, wọn ó bi yín pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Dúrójayé tó ń yí ìwé padà, ọlọ́kadà yóò ti gbé yín kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì tó lọ sí Ọ̀yẹ́: kọ̀ǹpútà díẹ̀ tí orí wọn tóbi bí àpótí aṣọ, àga onírọ́bà, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ilé bí arúgbó tí tábà há lọ́fun.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, taipuráítà ni ọkùnrin yìí ń tún ṣe. Kò sí kóòtù tàbí iléèwé láti Ìdó dé Ìkọ̀lé tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí taipuráítà kú, kò bá a kú. Ó kó egungun wọn jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sí Adó lọ jókòó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Ó padà wálé, ó kọ "Kafé" gàdàgbà sára pátákó, ó sì kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: A ń yí ìwé padà.

Ohun tó ń jẹ́ yíyí ìwé padà rèé. Ẹ ó kọ ìwé tán, ẹ ó rò pé ìwé ni. Ẹ ó gbé e dé ibi tí ẹ fẹ́ fún, wọn ó ní àwọn kò gba irú èyí, pé pí-dí-ẹ́fù ni àwọn ń fẹ́. Ẹ ó gbé pí-dí-ẹ́fù dé ibòmíràn, wọn ó ní Wọ́ọ̀dù ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yí, orúkọ yín kò yí, ìyà tó ń jẹ yín tí ẹ fi ń wáṣẹ́ kiri kò yí. Aṣọ tí ìwé wọ̀ ni wọn kò fẹ́. Dúrójayé wá mọ àwọn sáìtì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tí kò mọ bàbá ẹnì kankan ní Èkìtì ti ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni, tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ fún un, tí wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀.

Ọ̀fẹ́ yìí ló ń fa ìjà jù. Etí mi báyìí ni olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣe bá a wí:

"Dúrójayé, ìwọ fúnra rẹ lo ní ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Kí lo wá ń gbowó lọ́wọ́ mi fún?"

"Bàbá, ọ̀fẹ́ ni títì ìjọba. Ṣé ọ̀fẹ́ lẹ fi wọ ọkọ̀ wá láti Ìdó?"

"Ọkọ̀ ń mu bẹntiróòlù."

"Ẹ gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ yẹn, Bàbá. Ṣé omi ẹ̀rọ ni mo rọ sí i?"

Bàbá sanwó. Ó ní ayé ti bàjẹ́.

Ohun kan wà tí Dúrójayé kì í ṣe. Nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 2008, bí sáìtì ọ̀fẹ́ bá yí ìwé tán, kì í dá a padà síwájú ẹni lójú ẹsẹ̀. Àfi kí o kọ ímeèlì kan sílẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹlòmíràn yóò kọ ti ara rẹ̀, yóò bá oníbàárà gba ìwé náà, ó parí. Dúrójayé kọ̀. Ọlọ́pàá ti wọ kafé kan rí, ní ìlú tí n kò ní dárúkọ, wọ́n kó oníkafé àti oníbàárà pọ̀, wọ́n ní ọmọ yàhúù ni gbogbo wọn, nítorí pé wọ́n bá ìwé oníwèé nínú ímeèlì oníkafé náà. Láti ọjọ́ yẹn ni Dúrójayé ti búra pé ìwé ẹlòmíràn kò ní sùn nínú ímeèlì òun. Ímeèlì ẹni tó ni ìwé ló máa ń kọ. Bí oníwèé kò bá ní, yóò bá a ṣí ọ̀kan. "Ohun olóhun, ulé olóhun ni í lọ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, àwọn ènìyàn sì ń yìn ín pé olóòótọ́ ni. Òótọ́ dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fi tèmi ṣe.

Ọkọ mi, Jacob Àjàyí, wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ní Ààyè-Èkìtì tí a ń gbé àti ní gbogbo abúlé tó yí i ká, kò sí ìkòkò omi tí kò ṣí wò. Elizabeth, ìyàwó tó fi òrùka fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti kú, ó ti fi ọmọkùnrin kan ṣoṣo sílẹ̀, ìyẹn Kọ́ládé, kí Jacob tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀. Iṣu, obì, oyin, iyọ̀, kò sí èyí tí kò kó wá nínú ohun ìdána. Òrùka nìkan ni kò sí níbẹ̀, nítorí ilé Ògún ni ilé wa, irin tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ sì tóbi ju èyí tí í wọ ìka lọ. Ó máa ń sọ pé a ó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì bó bá yá. Kò yá. Ọlọ́run kò sì fi ọmọ sáàárín wa. Mo bá a gbé fún ohun tó lé ní ogún ọdún; nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀ ọ́, èmi ni ẹsẹ̀ rẹ̀; ọwọ́ mi ló kú sí.

Kọ́ládé tó wà l'Ékòó ló ṣe ìwé ètò ìsìnkú. Ó fi í sínú fúláṣì, ó fi rán Ajíbádé, àbúrò ọkọ mi, pé kí ó tẹ ẹ̀dà kan jáde ní Ìkọ̀lé fún Fíkà, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa, láti wò, kí ó wá gbé fúláṣì náà lọ fún àwọn atẹ̀wé ní Adó. Ó ní pí-dí-ẹ́fù ni òun fi ṣe, òun ti tì í pa, kò sí ọmọ ènìyàn tó lè fọwọ́ kàn án lọ́nà.

Ajíbádé tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọ̀ Dúrójayé, ó gbé e wálé kó tó gbé e fún Fíkà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo lè ka Bíbélì bí mo bá ní sùúrù. Mo fi sùúrù ka ìtàn ayé ọkọ mi. Mo rí Elizabeth, aya rẹ̀. Mo rí Kọ́ládé, ọmọ rẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, n kò rí ara mi, àfi ìgbà tí mo dé ojú ewé tó kẹ́yìn: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tọ́jú bàbá wa ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀: Dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, ọkùnrin tó ń wá gún un lábẹ́rẹ́ nílé, àti Màmá Ẹ̀dá."

Màmá Ẹ̀dá, èmi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí nínú ilé.

"Bàbá Ṣọlá," mo pe Ajíbádé, "ta lẹ mọ̀ mí sí nínú ilé yìí?"

"Ìyàwó wa ni, tàbí kí ni?"

"Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ìyàwó yín sí."

Ó wò ó títí. "Ha. Àbí wọ́n fẹ́ fi ìyẹn bu ọlá fún yín ni?"

"Lẹ́yìn ọkùnrin abẹ́rẹ́?"

Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi. Bí ìwé bá ti pè mí ní olùtọ́jú, àárín àwọn olùtọ́jú ni wọn ó fún mi ní àga lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin ọkọ mi. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Jacob Àjàyí fẹ́ ẹnì kan láti Ẹ̀dá-Oníyọ̀ rí, ìwé ni yóò wò. Ìwé kì í kú. Àwa tí a mọ òótọ́ là ń kú.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá ẹni tó tẹ̀ ẹ́," mo ní.

"Ìyàwó, opó kì í jáde kí wọ́n tó sin òkú. Kí lará ìta ó wí?"

"Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ta ni opó? Ẹ ti ka ìwé. Ẹ ti rí nọ́ọ̀sì tó ń ṣe opó rí?"

Ajíbádé wá èsì, kò rí. Ọ̀kadà ló rí.

Nígbà tí a wọlé, Dúrójayé dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe tán, nítorí wáyà wà nílẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá wolé-wolé." Ó wo aṣọ dúdú tó wà lára mi. "Ṣé opó ti ń jáde báyìí ni?"

"Ìwọ lo tẹ ìwé yìí. Ka ojú ewé tó kẹ́yìn fún mi kí o tó bi mí ní ọ̀rọ̀ opó."

Ó kà á. Ó tún un kà nínú ara rẹ̀. "Màmá, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. N kì í ka tàwọn ènìyàn."

"Ó dára. Yọ mí níbẹ̀, kí o fi mí síbi tí mo wà."

"Kò ṣé yọ. Pí-dí-ẹ́fù ni." Ó rí i pé n kò lóye, ó sì fi ẹnu ọmọ Èkìtì là á fún mi. "Màmá, Wọ́ọ̀dù, iṣu ni. Ẹ lè gé e, ẹ lè fi kún un, ẹ lè yọ èyí tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Pí-dí-ẹ́fù, iyán ni. Wọ́n ti gún un, ó ti dán, ó ti wà nínú abọ́. Jíjẹ ló kù."

"Iyán kì í padà di iṣu ni ẹ ó wí fún mi?" ni Ajíbádé bi í, bí ẹni tí ara tù.

Èyí dun Dúrójayé. Kò sí ohun tó ń dun oníṣẹ́ tó kí wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣé ṣe. "Lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn ni kì í padà. Níbí, ó ń padà di iṣu. Àmọ́ ẹ má retí kí ó rí bí ó ṣe rí lórí ebè o. Igun kan lè bọ́ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀."

Ó ki fúláṣì bọ ìdí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí sáìtì ọ̀fẹ́ rẹ̀, ó nawọ́ ìwé sí wọn lókè òkun. Sáìtì bi í pé ta ni kí àwọn fi ránṣẹ́ sí. Dúrójayé, olóòótọ́ ènìyàn, yí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ímeèlì ẹni tí a ó fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí. Ó dà á kọ, ó fara balẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó má bàa ṣì í, ó sì tẹ bọ́tìnì.

"Ó ti lọ," ó ní.

"Ó lọ síbo?"

"Sọ́dọ̀ ẹni tó ni í."

"Ta ló ni í?" Ajíbádé ti ń dìde lórí àga.

"Kọ́ládé Àjàyí. Òun ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé." Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ẹnu rẹ̀ ṣí, tí kò sì padé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín. Kọ́ládé ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo bẹ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ṣí. Ọ̀gá ṣí i, ó sì fi ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí Kọ́ládé.

"Yèyé mi, mo ti ba uṣẹ́ yín jẹ́," ni Dúrójayé wí. Ó gbé ọwọ́ lé orí. Ajíbádé ní ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí òun ti rí ẹni tí òtítọ́ sọ di aláìníláárí bẹ́ẹ̀. A kò tíì bá a wí tán tí fóònù Ajíbádé fi dún. Ó wo ojú rẹ̀, ó nà án sí mi bí ẹni tó mú ẹyin iná dání. Mo ní hẹ́lò.

"Màmá Ẹ̀dá, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀?" Kọ́ládé ni.

"Èmi ni."

"Lẹ́tà kan wọlé fún mi nísinsìnyí, pé ìwé tí mo ní kí wọ́n tú ti délẹ̀. Èmi kò ní kí wọ́n tú nǹkan kan."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n tú u."

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Mo fẹ́ kúrò láàárín àwọn nọ́ọ̀sì."

Dúrójayé wolẹ̀. Ajíbádé wo òrùlé.

"Màmá, ẹ má bínú," ni Kọ́ládé wí. "Fíkà ló ní aya kan ni ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀. Bí mo bá kọ yín ní aya, wọn ó ní mo pa orúkọ ìyá mi rẹ́."

"Ta ló ń ro koríko ojú oórì ìyá rẹ?"

"Bàbá ni."

"Bàbá rẹ tí ẹsẹ̀ kọ̀?"

Ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ó, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi ló wà.

"N kò ní kí o yọ Elizabeth. Òun ló ṣíwájú, kí ó wà níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí o fi mí sí. Lẹ́yìn aya ni mo wí, kì í ṣe lẹ́yìn abẹ́rẹ́."

Mo gbọ́ tí ó ń tẹ nǹkan. Ó ti ṣí ìwé náà níwájú ara rẹ̀ ní Èkó. Lójijì ó ní, "Kí lèyí? Àwòrán Bàbá ti kúrò lójú ewé àkọ́kọ́."

Ohùn fóònù náà ròkè; Dúrójayé gbọ́, ó fi ọwọ́ bojú. "Mo ti sọ fún yín pé igun kan lè bọ́ síbòmíràn."

"Níbo ló lọ?" mo bi Kọ́ládé.

"Ojú ewé àwọn olùtọ́jú. Ó... Màmá, ó dúró ti orúkọ yín gẹ́ẹ́."

Ẹ̀rín pa mí. Opó kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ṣì ń yanjú ẹni tí mo jẹ́ lọ́wọ́. "Wolé-wolé ni," mo ní. "Ó ń wò mí láti ojúlé dé ojúlé."

Mo gbọ́ tí Kọ́ládé náà fẹ́ rẹ́rìn-ín tí ó sì gbé e mì. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Mo ti dé ibi àwọn aya. Kí ni kí n kọ?"

"Orúkọ mi."

N kò gbọ́ kí ó tẹ nǹkan mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

"Màmá Ẹ̀dá... ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín gan-an?"

Ẹ wo ọ̀rọ̀ o. Gbogbo Kérésìmesì ló ń wá jẹ iyán mi. Ó ti ìwé pa kí ẹnikẹ́ni má bàa fi orúkọ mi há àárín àwọn aya, orúkọ ọ̀hún kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe òótọ́ inú Dúrójayé, èmi ì bá máa yí ìwé padà ní Ìkọ̀lé, òun kì bá sì béèrè orúkọ mi láé.

"Àyìnkẹ́," mo ní. "Àyìnkẹ́, ọmọ Ògúndàmọ́lá, Ẹ̀dá-Oníyọ̀."

"Ògún... Màmá, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni o. Ṣé ẹ kò ní orúkọ ìrìbọmi ni?"

"Bàbá rẹ kò ráyè mú mi dé ibi omi. Ìkòkò omi àwọn ẹlòmíràn ló ń yẹ̀ wò."

Ẹnu rẹ̀ ń lọ sí nǹkan kan nígbà tí ìlà já. Ajíbádé pè é padà títí, kò wọlé. A dìde. Dúrójayé kò gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Ó ní ọ̀fẹ́ ni.

Ìtàn náà tàn dé Ọ̀yẹ́. Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí bá a ṣeré: "Dúrójayé, mo fẹ́ jalè lálẹ́ òní, ṣé wàá bá mi sọ fún onílé?" Kò bínú, kò sì yí ìlànà rẹ̀ padà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé wọ ímeèlì òun, kí ó lọ wá òun sí àtìmọ́lé.

Kọ́ládé kò pè mí mọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ti fi ìwé náà ránṣẹ́ tààrà sí àwọn atẹ̀wé ní Adó, ní pí-dí-ẹ́fù. Ó ti tún un gún. N kò sì mọ irú iṣu tó kó sínú odó.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, kí ẹnikẹ́ni má bàa lé mi kúrò níwájú. Ìwé dé láti Adó lẹ́yìn tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Morìnsọ́lá tó ń fi àwọn ènìyàn jókòó fún mi ní ọ̀kan. Èmi pẹ̀lú sùúrù mi, ojú ewé kejì ni mo ṣì wà nígbà tí Fíkà dìde láti ka ìtàn ayé olóògbé.

"Ó fẹ́ Elizabeth ní ìlànà mímọ́," ni Fíkà kà, "ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ sùn nínú Olúwa. Lẹ́yìn èyí, ó fẹ́ Àyìnkẹ́, ọmọ..." Ó dúró. Ó wú ikọ́. Ó wo Kọ́ládé. Kọ́ládé ń wo ìwé orin. Fíkà tún wo ìwé náà bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ míràn níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ló sì mú un lọ́wọ́. "Ọmọ Ògúndàmọ́lá, láti Ẹ̀dá-Oníyọ̀, aya rẹ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀."

Mo yára ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Dókítà wà níbẹ̀, ọkùnrin abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, Màmá Ẹ̀dá náà ṣì wà níbẹ̀, àwòrán Jacob sì dúró tì í. Kọ́ládé fi mí kún àwọn aya, kò yọ mí kúrò láàárín àwọn olùtọ́jú, kò sì dá bàbá rẹ̀ padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Bóyá ó gbàgbé, bóyá kò gbàgbé. N kò bi í.

Morìnsọ́lá ti padà dé. "Màmá, ẹ dìde, ibí kọ́ ni ibi yín." Ó mú mi lọ́wọ́ lọ sí iwájú. Kọ́ládé sún, ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó. Mo jókòó sí ipò aya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ọkọ mi, nínú aṣọ dúdú tó nípọn, òógùn sì bò mí. Ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ni fáànù ń fẹ́ sí.